Ewé Tí Kò Lójú

"Ta ló ń fún òdòdó yìí lómi?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Pamílẹ́rìn gbọ́ lẹ́nu Mùkáílà nìyẹn, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń fọ̀rọ̀ wá olè lẹ́nu wò. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ní iléeṣẹ́ adójútòfò tí Pamílẹ́rìn ti ń ṣiṣẹ́ ní Accra. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ síwájú ìkòkò kékeré tó wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ìka tẹ ewé inú rẹ̀, ewé náà sì ń bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

"Èmi ni," ni Pamílẹ́rìn dá a lóhùn. "Àràárọ̀ ni mò ń bomi sí i. Àbí kò tó ni?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Nígbà tó rí i pé tọkàntọkàn lobìnrin yìí fi bèèrè, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Háà, Àǹtí. Ó tó. Ó tó débi pé ó ti kú."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn o. Àwọn ẹlòmíràn á pàdé olólùfẹ́ wọn níbi ìnáwó, òkú òdòdó ló mú àwọn méjèèjì yìí mọra.

Mùkáílà ló ń kó òdòdó wá sáwọn ọ́fíìsì àdúgbò náà. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ àdúgbò Madina ní Accra ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Yorùbá rẹ̀ já geere, àfi pé Twi, èdè Gánà, máa ń yọjú láàárín rẹ̀ nígbà tínú rẹ̀ bá dùn. Òdòdó eléwé kíki ló yàn láàyò, irú èyí tó ń tọ́jú omi sínú ewé, tó jẹ́ ìbátan ọ̀dúndún àti àbámọdá tiwa. Pamílẹ́rìn ní tirẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá ṣiṣẹ́ ní Gánà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò tíì lọ́kọ, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbàgbé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Mùkáílà kọ́ ọ níṣẹ́. Ó gbé ìkòkò mìíràn jáde nínú páálí, ó di ewé kan mú nídìí.

"Ẹ má já a o. Ẹ yí i. Ẹ rọra máa yí i títí á fi tú kúrò lára ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dáa, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ṣé ẹ rí nǹkan funfun bíńtín yìí? Ojú rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ lọmọ máa ti yọ."

"Tí mo bá wá já a ńkọ́?"

"Ojú á kù sára igi. Ẹ ti bu ọmọ kù nìyẹn."

"Àbámọdá náà ni," ni Pamílẹ́rìn wí. "Nígbà tá a wà ní kékeré, inú ìwé la máa ń há a sí. Á máa hù níbẹ̀."

"Ehn-ehn! Ẹ ti mọ iṣẹ́, ẹ kàn ń fi omi pààyàn ni."

Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di pé Mùkáílà ń ti Madina wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, wá sí Dansoman ní gbogbo Sátidé, nítorí pé fàràǹdá ilé Pamílẹ́rìn ń rí oòrùn àárọ̀. Á gbé yanrìn wá nínú àpò ìrẹsì. Wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á máa yí ewé, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí atẹ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ kó tó kan yanrìn, torí pé ewé tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò bá jiná kí omi tó kàn án, rírà ló máa rà. Nígbà tí yanrìn bá gba gbogbo ọwọ́ wọn, Pamílẹ́rìn á fi ìgbọ̀nwọ́ nu òógùn, Mùkáílà á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹlẹ́rìn-ín mi," ló máa ń pè é, "ọwọ́ rẹ ti tutù o. Ewé kì í kú lọ́wọ́ rẹ mọ́."

"Ṣé ewé nìkan ni mò ń tọ́jú ni?"

"Èmi náà ńkọ́? Wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tó ń kú?"

Ẹ má rò pé ó ń díbọ́n o. Ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ náà ti burú gan-an nìyẹn. Ìkà tí kò fẹ́ràn ẹni, èèyàn á tètè dá a mọ̀, á sì yà fún un lọ́nà.

Nígbà tí Pamílẹ́rìn sọ nípa Mùkáílà fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá ní, "Mùsùlùmí? Mùsùlùmí wà nílé bàbá tó bí mi. Ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà ni orírun wọn. Àmọ́ kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá, Pamílẹ́rìn. Ọládàpọ̀ ṣì ń bèèrè rẹ. Látìgbà tíyàwó rẹ̀ ti kú, ìwọ nìkan ló lójú sí, ó sì jẹ́ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n kò ní máa wojú rẹ títí ayé."

Mùkáílà wá mú un lọ kí Àlàájà, ìyá tirẹ̀. Àlàájà ń ta aṣọ ní ọjà Makola, gbogbo ilé rẹ̀ ní Madina sì ń rùn fún aṣọ tuntun. Pamílẹ́rìn kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ ilé ta ni ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Pamílẹ́rìn dárúkọ ilé wọn. Àlàájà mirí.

"Mo mọ ibẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àwa àjèjì kúrò ní Gánà. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹrù tórí lè gbé la gbé. A wá délé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ yín yẹn, àwọn ọmọ ilé yín wá ń sáré tẹ̀lé wa kiri pé, 'Ará Gánà ti dé o! Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń jẹun!' Nígbà tó yá, a padà wá síbí. Àjèjì níbí, àjèjì lọ́hùn-ún."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ mí. Jẹun, ọmọ mi." Wọ́n gbé wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, tó gbóná fún un, Àlàájà fúnra rẹ̀ ló bu ẹja sí i. Ó ku díẹ̀ kó máa lọ ni Àlàájà tó bèèrè pé, "Ìgbà wo lò ń padà sílé?"

"Mi ò tíì mọ̀, Mà."

"Ẹni tó nílé á kúkú padà sílé," ni Àlàájà wí, ó sì fi ẹ̀rín sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Pamílẹ́rìn gba ẹ̀rín yẹn gbọ́. Ó kọrin délé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mùkáílà gbé ike kékeré kan wá, ike funfun tí èèyàn ń rí inú rẹ̀ láti ìta. Ewé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó ti ri ìdí rẹ̀ mọ́ yanrìn.

"Màámi ní kí n fún àwọn láàyè díẹ̀," ó ní. Kò wo ojú rẹ̀. "Àgbà kì í ṣe ẹni tá à ń kán lójú. Ewé yìí ni àdéhùn wa. Lọ́jọ́ tó bá bímọ, n ó kó àwọn àgbà wa lọ bá ìyá rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi Ọlọ́run búra. Ṣáà má fà á yọ wò o. Wíwò ló ń pa á."

"Tó bá wá kú ńkọ́?"

"Tó bá kú, a jẹ́ pé Ọlọ́run kò kọ ọ́ mọ́ wa."

Pamílẹ́rìn rẹ́rìn-ín. Ewé kì í kúkú kú lọ́wọ́ òun mọ́, ṣebí Mùkáílà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ike náà sójú fèrèsé yàrá rẹ̀, ó sì ń kí i lójoojúmọ́ kó tó kí èèyàn.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí nǹkan funfun tínríntínrín lára ike náà. Ó pe Mùkáílà lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti ta gbòǹgbò!"

Mùkáílà tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ó ta gbòǹgbò?"

"Funfun báláú! Kí ló dé, ṣé inú rẹ kò dùn ni?"

"Inú mi dùn. Inú mi dùn, Ẹlẹ́rìn-ín mi. Ó ku sùúrù. Onísùúrù ní ń fún wàrà kìnnìún."

Bí Pamílẹ́rìn ṣe gbé fóònù kalẹ̀ ló tún pe ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ bá mi sọ fún Ọládàpọ̀ kó má dúró dè mí mọ́."

"Mùkáílà ti ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ bọ̀ nìyẹn?"

"Ó kù díẹ̀. Ewé wa ti ta gbòǹgbò."

"Ewé?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè. "Pamílẹ́rìn, ṣé ewé ni kí n gbé lọ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Ìyá jẹ́ iṣẹ́ náà ṣá. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, Ọládàpọ̀ ti gbé ìyàwó mìíràn. Ìyá Pamílẹ́rìn lọ síbẹ̀, ó jẹun, ó padà wálé, ó sì sunkún.

Àsìkò náà ni Mùkáílà kó atẹ mẹ́rin wá sí fàràǹdá. Ó ní oníbàárà òun kan ń ṣègbéyàwó, ó fẹ́ fi òdòdó kéékèèké ṣe ẹ̀bùn fáwọn àlejò. "Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde. Kò sọ́wọ́ tó tutù tó o."

Ẹ gbọ́, obìnrin yìí fi gbogbo ara ṣe é! Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní bọ́ bàtà kó tó lọ wò wọ́n. Bó ṣe ń yí ewé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàdúrà fún tọkọtaya tí kò mọ̀ rí: Olúwa, jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn kalẹ́, Olúwa, fọmọ jíǹkí wọn. Àwọn ewé náà sì ń gbọ́. Gbogbo wọn ló yọ ọmọ nídìí, kékeré, róńdó-róńdó. Ewé ìyá ń rọ, ọmọ ń sanra. Èyí tó wà lójú fèrèsé nìkan ló dúró gbagidi pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, kò sì yọ nǹkan kan.

"Kí ló ṣe tèmi?" ni Pamílẹ́rìn bi Mùkáílà.

"Irú tìẹ lágídí ni. Ṣáà ní sùúrù."

Mùkáílà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n kó àwọn òdòdó náà lọ nígbà tí ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn Pamílẹ́rìn lọ́sàn-án Sátidé. Ó kéré, ó rẹwà, ó fi ìbòrí aláwọ̀ omi òkun borí.

"Àǹtí, Afua ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni ìyàwó tó ni òdòdó. Mo bẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé òdòdó títí wọ́n fi sọ ibi tó wà. Mi ò lè fara dà á mọ́, mo fẹ́ rí i." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú sí Yorùbá mi o. Ọmọ Kumasi ni bàbá mi, àmọ́ àárín àwọn Anago, àwọn Yorùbá, ni mo dàgbà sí ní Madina."

Pamílẹ́rìn fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó mú un lọ sí fàràǹdá. Afua pariwo ayọ̀, ó ń gbé ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń gbé òmíràn. "Awurade! Olúwa o! Wọ́n mà rẹwà o! Àlàájà máa dunnú."

"Àlàájà wo?"

"Ìyá ọkọ mi. Tó ń ta aṣọ ní Makola. Ó ti ń pè mí níyàwó láti ọdún kejì báyìí. Ó ní ọmọ onílẹ̀ ni Mùkáílà gbọ́dọ̀ fẹ́, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ fún ọmọ ọmọ òun láéláé pé kó dì kó máa lọ."

Ilẹ̀ kò lanu. Pamílẹ́rìn fẹ̀yìn ti ògiri. Afua ò rí i, ojú fèrèsé yàrá lojú tirẹ̀ wà. Ó nawọ́ gba ibẹ̀ wọlé, ó mú ike funfun, ó sì fa ewé inú rẹ̀ yọ tùù.

"Má fà á yọ!" Igbe yẹn ga ju ti ọ̀rọ̀ ewé lọ.

Ẹ̀rù ba Afua. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo kàn ń wò ó ni." Ó yí ìdí ewé náà sókè. "Ẹ wò ó, eléyìí ò lójú. Wọ́n já a ni, wọn ò yí i. Mùkáílà ló kọ́ mi: ewé tí kò bá lójú, ó lè ta gbòǹgbò, ó tiẹ̀ lè pẹ́ láyé, àmọ́ kò lè bímọ láéláé. Ta ló fún yín nírú èyí? Ó rẹ́ yín jẹ."

"Dá a padà sáàyè rẹ̀," ni Pamílẹ́rìn wí.

Pamílẹ́rìn ránṣẹ́ pe Mùkáílà, ó sì dé lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó, Pamílẹ́rìn ò sì ní kó jókòó.

"O mọ̀ pé kò lójú," ni Pamílẹ́rìn wí.

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo já a."

"Èmi ni." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Alẹ́ ọjọ́ tó o kí Màámi ni wọ́n ní àwọn á kọ̀ mí lọ́mọ. Mi ò lè wo ojú rẹ sọ ọ́. Mo ní jẹ́ kí n fún ọ ní ewé tó máa kú. Á kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wàá ní Ọlọ́run ni kò fẹ́, wàá sunkún, wàá gbàgbé mi. Mi ò mọ̀ pé ó máa ta gbòǹgbò, Pamí. Nígbà tó o pè mí tínú rẹ ń dùn bẹ́ẹ̀, ẹnu mi wúwo."

"Mo ní kí Ọládàpọ̀ máa lọ nítorí gbòǹgbò yẹn."

"Mo mọ̀."

"O wá ní kí n máa bá ìyàwó rẹ gbin òdòdó."

"Mo ń wá ohun tó máa jẹ́ kí n ṣì máa rí ọ ni." Ó kúnlẹ̀. "Bú mi, nà mí. Àmọ́ Afua kò mọ nǹkan kan. Jọ̀ọ́, má ba àwọn òdòdó náà jẹ́."

Ṣé ẹ rí ayé? Obìnrin kan jókòó pẹ̀lú ọkàn tó fọ́, òdòdó lọkùnrin ń bẹ̀bẹ̀ fún! Pamílẹ́rìn wò ó títí. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

"Wá kó wọn ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó," ó ní. "Wọn ò ní bàjẹ́ lójú yín."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bomi sí wọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń rọ ọ́ sórí wọn dé ìdí. Ewé kíki kì í kọ omi. Mímu ló ń mu ún títí á fi bẹ́ nínú. Nígbà tí Mùkáílà dé, gbogbo wọn ti sanra, wọ́n ń dán, kò sí òdòdó tó dára tó wọn ní gbogbo Accra. Ó dúpẹ́. Ó tò wọ́n sínú páálí, ó fi ìdérí dé wọn mọ́ inú ooru, ó sì gbé wọn lọ. Wọ́n ní níbi ìgbéyàwó náà, àwọn èèyàn ń du òdòdó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ilẹ̀kùn tún dún. Afua ni, ó gbé ìkòkò kékeré kan dání nínú ọ̀rá. Làálì ìgbéyàwó kò tíì parẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Gbogbo rẹ̀ ti rà, Àǹtí. Gbogbo àwọn tó gbà á ló ń pe Àlàájà, pé ó dúdú, pé ó ń rùn. Àlàájà ní ọwọ́ mi ló burú. Wọ́n ní ìyàwó tí òdòdó rẹ̀ rà, kí ló máa dúró níkùn rẹ̀? Wọn ò jẹ́ kí n wọ ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́."

"Mùkáílà ńkọ́?"

"Ó ń gbọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ilẹ̀ ni."

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ìka tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ níwájú Pamílẹ́rìn yìí.

"Ẹ fún mi ní ewé kan ṣoṣo," ni Afua ń bẹ̀bẹ̀. "Èyí tó ti ọwọ́ yín jáde. Tó bá bímọ, n ó gbé e lọ han Àlàájà, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

"Èmi ni mo bomi sí wọn." Ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀nà ọ̀fun Pamílẹ́rìn, ó ku díẹ̀ kó bọ́ síta, ó gbé e mì. Ó lọ síbi ìkòkò ńlá tó wà ní igun fàràǹdá, ó di ewé kan mú nídìí, ó sì ń gbèrò láti yí i. Ó wá rí làálì ọwọ́ Afua. Ó rántí àdúrà tó gbà lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí. Ó já ewé náà, ó dún kàá.

"Jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ kó tó kan yanrìn," ó ní. "Á ta gbòǹgbò."

"Ọlọ́run á san án fún yín, Àǹtí."

Pamílẹ́rìn ti gbàgbé nǹkan kan. Ẹnì kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Afua yí ìdí ewé náà sókè, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó wò ó pẹ́. Ó gbójú sókè, ó wo ojú fèrèsé, níbi tí ewé inú ike funfun ṣì dúró sí, ó tutù yọ̀yọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo Pamílẹ́rìn.

"Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ta ló fún yín ní ewé yẹn?"

Pamílẹ́rìn gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ó ti tó ìgbà wo?" ni Afua tún bèèrè.

"Ó ti lé lọ́dún kan."

Afua mirí bí ẹni tí wọ́n parí ìtàn Mùkáílà fún. Kò bú u. Ó di ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já náà sí etí ìbòrí rẹ̀, ó so ó ní kókó dáadáa. "Medaase," ló fi dúpẹ́ ní Twi, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Láti fàràǹdá, Pamílẹ́rìn rí i bó ṣe wọ trotro Madina, tó ń padà sílé ọkọ rẹ̀, tó fi ọwọ́ di kókó ìbòrí náà mú.

Pamílẹ́rìn wọlé. Ó bu omi, ó rọ ọ́ sínú ike ojú fèrèsé náà títí ó fi kún dẹ́nu.